Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ìbàdàn: Bí Wọ́n Ṣe Fi Ìjà Kan Jà fún Ẹ̀tọ́ Méjì

Ẹni tó bá mọ oko Ìbàdàn dáadáa, láti Mọníyà títí dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akáǹrán, yóò jẹ́rìí pé bí àwọn ọkùnrin bá ti kọ ebè tán, tí wọ́n sì ti já kòkó, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ kù sí: àwọn ló ń yan gàrí, àwọn ló ń ṣe epo pupa, àwọn kan náà ló sì ń ru gbogbo rẹ̀ dé ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣètò ìdìbò fún Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, àwọn tó ń san owó orí ni wọ́n kà sí olùdìbò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin Ìbàdàn kì í san án, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń bọ́ ìlú kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò ó. Bí àwọn obìnrin kan ṣe fi ẹgbẹ́ tú ìdè yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹrù méjì lórí ẹnì kan

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ìbàdàn mẹ́sì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ti ní oyè Ìyálóde kí Òyìnbó tó gba àkóso rẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n pa ní 1874 ní ayé Ààrẹ Látòósà, ní oko rẹpẹtẹ, ó sì ń pèsè ohun ìjà fún àwọn ológun. Ìtàn rẹ̀ ní ìkorò nínú, nítorí ẹrú ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn oko náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé obìnrin kò ní ipò nínú ìjọba ìlú nígbà náà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, baálẹ̀ àti ìjòyè ọkùnrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀; Ìyálóde di olóyè tí a ń kí, tí a kì í bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń fi àwọ̀ pín ìlú. Ní Ìbàdàn, Àgódì àti Jẹ́ríkò ni ibùgbé àwọn aláwọ̀ funfun. Ní oṣù Kejì 1947, ilé ìtura Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe aláwọ̀ dúdú. Ariwo tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé ìjọba kéde pé irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin. Ìkéde náà dára, ṣùgbọ́n ìyà àwọ̀ nìkan ló mẹ́nu bà. Obìnrin dúdú, tó ń jẹ ìyà nítorí àwọ̀ rẹ̀, tó sì tún ń jẹ òmíràn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ láti Abẹ́òkúta

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wà lára àwọn tó so ìjà méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí tẹ́lẹ̀, kí àwọn ìyá ọlọ́jà tó wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí ìjọba ṣe ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Ní 1946 ni ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ransome-Kuti bọ́ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń fi Yorùbá bá àwọn aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí ọlọ́jà tó bá a lọ lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Owó orí tí àwọn obìnrin ti ń san láti 1918 ni wọ́n dojú kọ. Ní ìparí 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin ló yí ààfin Aláké ká. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbàdàn gbà á

Ní Ìbàdàn, Wúràọlá Esan ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1944. Tanímọ̀wò Ògúnlẹ́sì ṣe aṣáájú Women's Improvement Society, ó sì wà lára àwọn tó lọ sí ìpàdé òfin ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953. Ní 1952, Elizabeth Adekogbe dá Women's Movement sílẹ̀, tí ń béèrè ìdìbò fún gbogbo àgbàlagbà, àyè fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, àfikún ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin, àti ìkápá òwò àwọn àjèjì tó ń fún àwọn ìyá ọlọ́jà lọ́rùn. Ẹ wò ó bí ẹ̀tọ́ obìnrin àti ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ṣe jókòó pọ̀ nínú ìbéèrè kan.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí para pọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n di National Council of Women's Societies. Lára àwọn tó kọ́kọ́ darí rẹ̀ ni Kofoworọlá Adémọ́lá, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ní 1935. Nígbà tó wà ní Ìlú Ọba, ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè jáwọ́ nínú èrò òdì tí wọ́n ní sí àwọn ọmọ Áfíríkà. Ìyàwó ọmọ Aláké tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lé kúrò lórí oyè ni. Síbẹ̀ ó gbé iṣẹ́ àwọn obìnrin lọ síwájú.

Èrè rẹ̀ àti ohun tó kù

Ní ìdìbò àpapọ̀ 1959, obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn dìbò. Àwọn ti Àríwá kò rí i ṣe títí di 1979. Ní 1960, Wúràọlá Esan wọ ilé aṣòfin àgbà, ó sì di Ìyálóde Ìbàdàn ní 1975. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún ara wa: obìnrin tó kàwé, tó sì ń gbé ìgboro, ló pọ̀ jù nínú àwọn aṣáájú náà, ẹni tó wà ní abúlé kì í sì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa ìmọ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí Olóyè Bísí Ògúnléye fi dá COWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko, sílẹ̀ ní 1982, tó mú àjọ àti èsúsú tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ ṣe ìpìlẹ̀ owó yíyá fún obìnrin oko.

A ò béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ olùdìbò mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìbò dídì nìkan kò sì tó. Ẹ̀yin aṣáájú ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, nígbà tí ẹ bá tún jókòó láti yan ẹni tí yóò ṣe káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ pe àwọn ìyá tó ń yan gàrí wá sórí ìjókòó, kì í ṣe láti wá se oúnjẹ ìpàdé, bí kò ṣe láti dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orúkọ Ògúnlẹ́sì, Adekogbe àti Esan kún ẹ̀kọ́ ìtàn tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Gbèsè tí a jẹ wọ́n ni.