Ìyá Tó Wà Láàárín: Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, Ọ̀rọ̀ Ọmọ, àti Ìlera Tiwa

  A ti sọ̀rọ̀ nípa ibà rí, a ti sọ̀rọ̀ nípa onígbáméjì. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní kòkòrò tó ń gbé e kiri. Inú ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní fún un lórúkọ, torí ó lè jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ ẹ̀yin. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Epo ló ń tà. Ìyá tó bí i ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì wá sílé kí wọ́n lè bá a tọ́jú ìkókó. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìkókó ń ké. Ìyá àgbà gbé omi díẹ̀ wá nínú ife, ó ti fi àgbo sí i. Ó ní, “Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ yìí. Omi ni mo fún gbogbo yín, ẹ ò sì kú.” Ọmọ dáhùn pé, “Ìyá àgbà, ẹ má bínú, agbẹ̀bí ní ká má fún un ní nǹkan kan àfi ọmú. Mo tún gbọ́ ọ nínú pọ́táàbù mi.” Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí ìyá tó wà láàárín. Ìyá àgbà ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?” Ọmọ ní, “Màmá, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ o.”

Ó mọ̀ pé bí òun bá gba ti ìyá òun, ọmọ á ní òun ò lajú. Bí òun bá sì gba ti ọmọ, ìyá á ní òun ti gbàgbé ẹni tó tọ́ òun. Ló bá ní, “Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.” Ṣùgbọ́n ìkókó ò mọ̀ pé wọ́n ń dúró de ilẹ̀ mọ́, ó ń ké lọ ni. Ìyá náà ò sì rí oorun sùn. Nígbà tó dé ọjà láàárọ̀, orí ń fọ́ ọ. Oníbàárà ra epo, ó gbàgbé láti gbowó.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni méjì ló ń jiyàn, ẹni kẹta ni orí ń fọ́.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu?

Kì í ṣe pé ẹnì kan nínú wọn burú. Ìgbà tí oníkálukú dàgbà ló yàtọ̀.

Ìyá àgbà dàgbà láyé Dahomey. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ti wà láyé kí ilẹ̀ wa tó gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nígbà yẹn, ilé ìwòsàn jìnnà, zémì ò sí. Àgbà obìnrin inú ilé ni agbẹ̀bí, òun ni dókítà, òun ló ń já ewé. Ohun tó mọ̀, ojú ló fi rí i, ọwọ́ ló fi ṣe é. Tí ó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe agídí ló ń ṣe. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á.

Àwa tí a wà láàárín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Bénin, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1975. Ayé ìjọba Kérékou la ti ṣe kékeré. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí ọdún 1989 dáadáa: owó oṣù ò jáde, iṣẹ́ ilé ìwé dúró, ọdún ìwé yẹn sì ṣòfò pátápátá. Àwọn kan padà sí kíláàsì lẹ́yìn náà, àwọn kan gbé igbá rù, wọn ò padà mọ́.

Ọmọ wa ní tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n bí i. Láti ọdún 2006, wọn kì í gba owó ìwé mọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ó mọ̀wé, ó ní pọ́táàbù lọ́wọ́, ohun tí wọ́n sọ ní Kútọnu láàárọ̀, ó ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú.

Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ayé mẹ́ta ló wà nílé yẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá. Ìyá wa ń pè wá ní ọmọ ayé òde òní. Ọmọ wa ń pè wá ní ará àtijọ́. Nígbà míì a máa ń bi ara wa léèrè pé, “Èwo gan-an ni mo jẹ́?” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn mú yín sunkún. Ẹ wo agbo ilé wa. Obìnrin kan náà ni wọ́n ń pè ní ìyàwó, òun náà ni àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ń pè ní ìyálé. Ó ń kúnlẹ̀ kí ẹnì kan, ẹlòmíì ń kúnlẹ̀ kí i, lójú ọjọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó ní kó yan ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbà. A lè jẹ́ ọmọ fún àwọn ti àná, ká jẹ́ ìyá fún àwọn ti ọ̀la, kí ara wa sì pé.

Ohun tí àárín ń ṣe fún ara

Àwa tí a wà láàárín ló ń ra oògùn ìyá, àwa náà ló ń ra ìwé ọmọ, nínú owó epo kan náà. Ẹ rántí ìgbà tí Nàìjíríà ti ibodè, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ọjà dín kù, ẹnu tó ń jẹun nílé ò dín kù.

Tí ọkàn bá ń ru ẹrù báyìí lójoojúmọ́, ara á mọ̀ ọ́n. Oorun á dín kù. Orí á máa fọ́, èjìká á máa ro ni, àyà á máa já. Ènìyàn á máa bínú sí ọmọ tí ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì ò ní lè jẹun, ẹlòmíì á sì máa jẹ láìdúró.

Ẹ tún gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ló ní i tí kò mọ̀, torí kì í sábà ro ni, kì í sábà pariwo. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan tó jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí kò wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà nìyẹn. Ẹ má sọ pé, “Ìrònú lásán ni, á lọ.”

Bákan náà, tí inú ẹnì kan bá bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa sọ pé inú ń run òun. Tó bá ti ń rò ó pé kí òun kú ni, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì o. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e.

Ẹ pín in sí igbá mẹ́ta

Kí la wá máa ṣe? Ẹ má bi ara yín pé, “Ta ni kí n gbè lẹ́yìn?” Ìbéèrè yẹn ló ń fọ́ wa lórí. Ẹ bi í pé, “Irú ọ̀rọ̀ wo nìyí?” Bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà kí a tó sè é, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣa ọ̀rọ̀ sí igbá mẹ́ta.

Igbá kìíní: ọ̀rọ̀ tó lè pa ọmọ lára. Níbẹ̀, ti oníṣègùn la máa tẹ̀ lé, bó ti wù kí ẹni tó ń sọ èkejì dàgbà tó. Ọ̀rọ̀ omi wà nínú igbá yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín omi ọmú, ó ju ọgọ́rin lọ tó jẹ́ omi. Nítorí náà, ọmọ tó ń mu ọmú ti ń mu omi, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ikùn ìkókó kéré púpọ̀. Tí omi bá ti kún un, kò ní fẹ́ mu ọmú. Ọmú tí ọmọ ò sì mu dáadáa, kì í pọ̀. Omi kànga àti àgbo sì lè gbé kòkòrò wọ inú ọmọ, kí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a fún ọmọ lọ́mú láàárín wákàtí kìíní tí a bí i, kó sì jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, kí oúnjẹ wọ̀ ọ́, kí ọmú sì máa bá a lọ títí tí ọmọ á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n bí epo díẹ̀ yẹn, ẹ má dà á nù. Òun ló ń bá àìsàn jà lára ọmọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà nínú igbá yìí, títí kan ti ibà tí orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Igbá kejì: ọ̀rọ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, tó tún ń ṣe ni lóore. Ti ìyá àgbà nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kó pọn ọmọ. Kó kì í ní oríkì. Kó se ọbẹ̀ gbígbóná fún abiyamọ. Kó lé àlejò tó pọ̀ jù, kí abiyamọ lè sùn. Àwọn dókítà náà ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìlú Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Colombia, láti nǹkan bí ọdún 1978, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé lé ìyá rẹ̀ láyà, ara kan ara, kí òtútù má baà mú un. Lónìí, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ara ènìyàn ni aṣọ ọmọ.

Igbá kẹta: ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọmọ wa fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ ọkọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi wá fọ́kọ ní ọdún mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe ìdí tí a ó fi fi ọmọ tiwa fọ́kọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìdílé ilẹ̀ wa ti ọdún 2004 ní kí ọmọ pé ọdún 18 kó tó gbéyàwó tàbí lọ sílé ọkọ. Níbí, iṣẹ́ tiwa ni ká gbọ́ ọ ká tó bá a wí. Ọmọ tí a kò bá gbọ́ tirẹ̀ nílé, pọ́táàbù ló máa bi léèrè. Irọ́ sì pọ̀ nínú pọ́táàbù bí òtítọ́ ṣe pọ̀.

Bí a ṣe máa sọ ọ́ fún àgbà

Ẹ má sọ fún ìyá yín pé, “Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ti àtijọ́ nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún ni. Ẹ lè sọ pé, “Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń mójú tó wa. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀bí.” Kí ẹ sì mú un dání lọ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ-ọmọ gbé wálé máa ń dà bí àfojúdi létí àgbà. Tó bá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n kúnlẹ̀ kí i kí wọ́n tó sọ ọ́, ó máa ń yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìkókó lọ. Agbẹ̀bí kí ìyá àgbà dáadáa, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi. Ìyá àgbà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Méjì lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Wọ́n ní àbíkú ni wọ́n.” Ọmọ rẹ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sì sẹ́ni tó bi í. Agbẹ̀bí ò dá a lẹ́bi. Ó ní, “Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ mọ̀ nígbà náà lẹ fi ṣe é. Ẹ bá wa ṣọ́ ọmọ yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé omi wá kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a padà.” Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà ti di ọlọ́pàá omi nílé yẹn. Ìyá tó wà láàárín sì sùn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa rọrùn báyìí. Àgbà mìíràn á ní, “Ayé yín nìyẹn,” á sì kẹ́yìn sí wa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ máa kí i, ẹ máa gbé oúnjẹ fún un, ẹ má fi ọmọ báni làjà. Inú á rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gba ìpàdé. Tí ìkókó ò bá mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, tó ń mí lemọ́lemọ́, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ṣe bi ìyá àgbà, ẹ má ṣe wo pọ́táàbù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín lọ́jà tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjà bá tú. Òun náà wà láàárín, á yé e. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ na apá tiyín náà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tiwa tó pẹpẹ díẹ̀, ó sì wọ kèrègbè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sinmi ọwọ́ náà nígbà míì, kó má baà rọ.