Orúkọ Obìnrin Kí Ó Tó Lọ Ilé Ọkọ àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Lọ́dọ̀ wa ní Alafiarou, ní agbègbè Tchaourou, ìyá àgbà kan lè ní orúkọ mẹ́ta: èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè é nílé ọkọ, àti èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìdílé lè rò pé ènìyàn mẹ́ta ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ ní àlàyé.

Láyé àtijọ́, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń jẹ́. Kálukú ní orúkọ tirẹ̀, pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá lọ sílé ọkọ, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè é títí yóò fi bímọ, lẹ́yìn náà ó di Ìyá Lágbájá. Òun náà kì í dárúkọ àwọn ọmọ ilé tó bá níbẹ̀, àní ọmọdé inú wọn. Orúkọ mìíràn ni yóò fún wọn, bí Ìbàdíàrán tàbí Eyínfúnjowó. Ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀ kò yí padà: ti ilé bàbá rẹ̀ ni títí dọjọ́ ikú.

Ìwé ìjọba Faransé ló sọ orúkọ ẹnì kan di ti gbogbo ìdílé. Láàárín àwọn Bàrìbá tí a jọ ń gbé, ipò ìbí ló ń fún ọmọ lórúkọ: ọkùnrin àkọ́kọ́ ni Woru, ìkejì Sabi, ìkẹta Bio, ìkẹrin Boni. Àwa Nàgó agbègbè yìí náà ń jẹ́ irú wọn. Nígbà tí ìwé sọ wọ́n di orúkọ ìdílé, àwọn tí kò bára tan wá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí náà, orúkọ inú ìwé nìkan kò lè fi ìran hàn.

Òfin ẹbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, sọ pé obìnrin tó lọ́kọ kò pàdánù orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ òfin náà, ti ọkọ ni yóò fi kún un. Ohun tí "épouse" inú ìwé ń sọ nìyẹn. A rí i lára Chantal, ìyàwó Boni Yayi, ọmọ Tchaourou tó ṣe Ààrẹ láti 2006 sí 2016: de Souza, orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀, ṣì ń bá Yayi rìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo akọ̀wé ló ń kọ méjèèjì. Nígbà tí mo ń wá ìran ìyá ìyá mi, orúkọ ọkọ nìkan ni mo bá nínú ìwé, àwọn tó sì mọ bàbá rẹ̀ ti kú tán. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n jọ ṣe orogún ló ki oríkì rẹ̀ fún mi. Oríkì yẹn ló júwe ilé bàbá rẹ̀. Ká ní mo pẹ́ ọdún kan sí i, n kì bá tí bá ìyá náà láyé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá ń kọ ìtàn obìnrin sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ bàbá àti agboolé rẹ̀, oríkì rẹ̀, kí ẹ tó kọ ti ilé ọkọ. Ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.