Bí Àká Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Kún

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé náà ni. Láyé àwọn ìyá wa, inú àpótí lábẹ́ ibùsùn ni fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ àti rìsíìtì ilẹ̀ máa ń wà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí dé Okokomáíkò, kò ní àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń lọ sínú àká tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Google, Microsoft àti Dropbox ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní cloud, èyíinì ni ìkùukùu, ṣùgbọ́n kò sí lójú ọ̀run rárá; inú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni.

Bí àká oko ṣe ń kún ni èyí náà ń kún. 15GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò, ìwé àti lẹ́tà Gmail ni wọ́n sì jọ ń pín in. Kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021, Google kì í ka fọ́tò tí a bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo fọ́tò tuntun ni wọ́n ń kà. Ìyá tí ó bímọ lẹ́yìn ìgbà náà, tí ó ń ya ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò láràárọ̀, kò ní pẹ́ kí àká rẹ̀ tó kún. Bí ó bá sì kún tán, kì í ṣe fọ́tò nìkan ni kò ní wọlé mọ́. Lẹ́tà tí ilé-ìwé ọmọ bá kọ pàápàá kò ní dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ènìyàn máa ń wá àká mìíràn, ibi kíkó lọ kíkó bọ̀ yìí ni nǹkan sì ti ń sọnù.

Bí ẹ bá ń kó kúrò ní Ìyànà Ìbà lọ sí Okokomáíkò, àga kò lè wà nílé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní láti gbé e. Fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè wà ní ibi méjì, kí ọ̀kan má sì dín ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ohunkóhun: ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tuntun, kí ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi yẹ ti tuntun wò dáadáa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n. 5GB ni OneDrive ti Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, 2GB péré sì ni ti Dropbox. Ta ni yóò da kẹ́ẹ̀gì epo sínú ìgò kan? Ẹ lè san owó àyè sí i, ẹ sì lè kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí kúrò. N kò rò pé ọmọ yín yóò bínú lọ́la bí ẹ bá pa àwọn fọ́tò òdòdó "ẹ káàárọ̀" tí ó ti orí WhatsApp wá rẹ́.

Ẹ ṣírò owó dátà pẹ̀lú. Bí ẹ bá fa 15GB wá sórí fóònù, tí ẹ tún tì í lọ sí àká tuntun, 30GB ni ẹ ó ná. Ṣùgbọ́n Google ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Takeout. Bí ẹ bá béèrè níbẹ̀, àwọn fúnra wọn yóò di ẹrù yín, wọn yóò sì gbé e lọ tààrà sínú Dropbox tàbí OneDrive, láìgba orí dátà yín kọjá. Bí ẹ bá sì yàn pé kí wọ́n fi ìlujá ránṣẹ́ sí yín láti fi fà á wá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìlujá náà ń lò kí ó tó kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè rẹ̀ nígbà tí kò bá sí owó dátà lọ́wọ́.

Ẹrù náà yóò dé ní dídì bí òkìrìkà tí a kò tíì tú, nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní zip. Ẹ ní láti tú u kí ẹ tó lè wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ óò rí àwọn fáìlì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ẹ má ṣe dà wọ́n nù, nítorí inú wọn ni Google ń kọ ọjọ́ tí a ya fọ́tò sí. Ìwé tí ẹ kọ nínú Google Docs yóò yí padà di ti Word, ìlà rẹ̀ sì lè yẹ̀ díẹ̀. Ìlujá tí ẹ ti fún ẹbí láti máa fi wo fọ́tò ìkómọ kò ní bá yín lọ; ẹ ó fún wọn ní tuntun.

Yíyẹ̀wò ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ ka iye fọ́tò ọdún kọ̀ọ̀kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ ṣí èyí tí ó pẹ́ jù lọ. Ẹ wo fídíò kan dópin, nítorí òmíràn máa ń gé láàárín bí iná bá lọ tàbí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹ ka nọ́ńbà orí ìwé ìbí ọmọ tán pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ ṣọ́ra o: fọ́tò tí ẹ bá pa rẹ́ nínú Google Photos lórí fóònù, inú àká náà ni ó ti parẹ́ pẹ̀lú. 60 ọjọ́ ni ó ń lò nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìṣínà ńkọ́? Ẹ má ṣe fún ọmọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe, bó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò mọ̀ rí tí ó ní òun yóò bá yín kó ẹrù. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ìta ni ẹ lò, bí irú èyí tí ó wà nítòsí ẹnubodè Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ rí i pé ẹ jáde nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ẹ fi tuntun sí àkáǹtì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orí nọ́ńbà àtijọ́ ni wọn yóò máa fi àmì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí. Ẹni tí yóò ta fóònù rẹ̀ ní ọjà Alábà, kí ó parí gbogbo iṣẹ́ yìí kí ó tó fọ fóònù náà mọ́.

Ẹ má sì ṣe fi àkáǹtì àtijọ́ sílẹ̀ bí ilé tí a kò gbé. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google ti ń pa àkáǹtì tí a kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, báǹkì àti ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà sì dúró gbagidi. Ohun tí ó wà nínú àká kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò rí i mú. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà kan sínú dísíìkì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣínà dè é, kí ẹ fi í sílé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan, kì í ṣe sílé tí fóònù wà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, ẹ gbà á wá, kí ẹ ṣí fọ́tò méjì mẹ́ta nínú rẹ̀ wò.