Omi kan, ìnáwó méjì: Ohun tó yẹ kí alásè ṣírò kó tó gbéra lọ sóde

Láti ọwọ́ Akọ̀ròyìn Okòwò Wa

Bí alásè kan bá gba iṣẹ́ igba èrò nílùú Ìwó, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣírò ni ìrẹsì, ẹran, òróró, ata àti gáàsì. Lẹ́yìn náà ló máa kan owó àwọn òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ sínú ìwé, omi sì ni. Wọ́n á ní, "Omi á wà níbẹ̀." Ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ tán, tí wọ́n bá a pé kànga ilé náà ti gbẹ, tàbí pé kò sí iná láti fi fa omi kànga ẹlẹ́rọ, ni wọ́n á wá máa sáré wá olómi kiri. Iye tí olómi bá sì pè lọ́jọ́ náà ni wọ́n á san, nítorí pé àlejò ti ń jókòó.

Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn ṣá o. Omi tí wọ́n fi wàhálà wá yìí kò ní pòórá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, yóò ti di omi àwo, omi ẹran, omi ọṣẹ àti omi òróró, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dà á síbì kan. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé omi kan, ìnáwó méjì ni. Owó ni yóò gbé e wá, owó náà ni yóò gbé e lọ. Alásè tó bá ṣírò ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, èrè rẹ̀ ló ń dà sí gọ́tà láìmọ̀.

Ẹ̀KỌ́ LÁRA ỌKỌ̀ TÓ TÚN JẸ́ ILÉ

Àwọn kan wà tó mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní motorhome. Ọkọ̀ ni, ilé sì ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìdílé kan lè fi rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì láì sùn ní òtẹ́ẹ̀lì.

Nítorí pé kò sí kànga nínú ọkọ̀, àwọn tó ń ṣe é máa ń fi táǹkì omi mímọ́ kan sí i, wọ́n á fi táǹkì mìíràn sí i fún omi tí wọ́n ti fi fọ àwo àti ara, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ náà sì ní ibi tiwọn lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, omi mímọ́ tó ń gbà kò ju bí 100 lítà lọ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin péré nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ni ọkọ̀ yìí kì í gbéra láì mọ iye omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí yóò lò lójúmọ́, àti ibi tí yóò ti da èyí tó dọ̀tí nù.

Àwọn tó ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní òfin tiwọn. Nínú ìlànà oúnjẹ tí àjọ FDA ilẹ̀ náà gbé kalẹ̀, táǹkì omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ fi ìdá 15 nínú 100 tóbi ju táǹkì omi mímọ́ lọ. Ẹ ó béèrè pé kí ló dé. Omi nìkan kọ́ ló ń wọ inú táǹkì ìdọ̀tí. Ìyókù ọbẹ̀, ọtí tó ṣẹ́ kù sínú ife, yìnyín tó yọ́ àti òróró ara àwo náà ń bá a wọlé. Bí táǹkì méjèèjì bá jẹ́ ọgbọọgba, ti ìdọ̀tí ni yóò kọ́kọ́ kún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀.

Kí ló wá kan ará Ìwó nínú èyí? Alásè tó ń se oúnjẹ òde, ẹni tó ń gbé kúlà ìrẹsì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹni tó ń ta èso gígé lẹ́bàá Yunifásítì Bowen, àti ẹni tó ń ta àmàlà lọ́jọ́ ọjà Odò-Orí, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ omi kò sí. Ohun tó kan onímotorhome kàn wọ́n pẹ̀lú, àfi pé kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe táǹkì tiwọn.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ TI IGBA ÈRÒ

Àpẹẹrẹ lèyí o, kí oníkálukú fi iṣẹ́ tirẹ̀ wé e. Ká ní omi tí a ó fi se oúnjẹ jẹ́ 60 lítà. Èyí tí a ó fi ṣan ẹran, ata, ìrẹsì àti ewébẹ̀ jẹ́ 80 lítà. Àwo, ṣíbí àti ìkòkò yóò gba 200 lítà. Bí igba àlejò bá fi ìdajì lítà fọ ọwọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, 100 lítà nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 440 lítà. Bí a bá fi 60 lítà kún un nítorí àìmọ̀, ó di 500 lítà, ìyẹn ogún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25.

Omi mímu wà lọ́tọ̀. Bí àlejò kọ̀ọ̀kan bá mu píọ́ wọ́tà méjì, 400 ọ̀rá nìyẹn. Ogún wà nínú àpò kan, nítorí náà ogún àpò la máa rà, ó sì jẹ́ 200 lítà.

Ẹ má gbàgbé pé lítà omi kan, kílò kan ni. Ogún kẹ́ẹ̀gì yẹn jẹ́ 500 kílò, ogún àpò píọ́ wọ́tà sì jẹ́ 200 kílò. Lápapọ̀, 700 kílò nìyẹn, ká tó gbé ìkòkò, kúlà àti gáàsì sí i. Ẹrù tí Micra lè gbé kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dì í sínú ọkọ̀ kékeré, táyà àti bíréèkì ló ń fi ta tẹ́tẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Bí a bá sì mọ̀ pé omi tó dára wà nítòsí ibi òde náà, owó olómi ibẹ̀ lè dín ju owó ọkọ̀ ńlá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó fúnra yín ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, pàápàá láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta tí omi máa ń lọ sílẹ̀ nínú kànga.

Ó wá ku omi ìdọ̀tí. Omi tí a fi se oúnjẹ ti wọ inú oúnjẹ. Èyí tí yóò padà di ìdọ̀tí ni 80, 200 àti 100, ìyẹn 380 lítà. Bí a bá fi ìdá 15 nínú 100 kún un bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà, ó di 437 lítà. Àgbá rọ́bà mẹ́ta onílítà 200 tó ní ìdérí yóò gbà á láì kún dé ẹnu.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Wọn kì í gbé nǹkan kan dání fún omi ìdọ̀tí. Bí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ bá ti ń ṣófo, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń da omi àwo sí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún fi pọn omi tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Bí ti omi mímọ́ bá jẹ́ funfun, kí ti ìdọ̀tí jẹ́ dúdú, kí wọ́n má sì pààrọ̀ iṣẹ́ láéláé. Họ́ọ̀sì tí a fi ń fa omi mímọ́ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àgbá ìdọ̀tí. Ìlànà FDA tiẹ̀ ní kí ẹnu táǹkì omi mímọ́ yàtọ̀ pátápátá, kí ó má bàa ṣeé ṣe láti ki họ́ọ̀sì mìíràn bọ̀ ọ́.

BÍ OMI MÍMỌ́ ṢE Ń WÀ NÍ MÍMỌ́

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí lọ́tàá púpọ̀. Ní ọdún 2021 nìkan, àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà ka ènìyàn tó lé ní 111,000 tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì. Ó lé ní 3,500 tó kú lára wọn. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ni àrùn yìí ń gbà wọlé. Bí inú bá ń run àlejò mẹ́wàá lẹ́yìn òde kan, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ibi tí alásè ti pọn omi. Orúkọ alásè ni wọ́n máa dá.

Ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì tó ti gba kẹrosíìnì, ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò rí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tàbí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ kún un fún omi, kí ẹ da bílíìṣì lásán tí kò ní òórùn dídùn sí i. Bí agbára bílíìṣì náà bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, mílílítà 25 ló tó fún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Fífọ kẹ́ẹ̀gì lèyí wà fún, kì í ṣe fún omi mímu.

Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ lo oògùn omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀.

NÍBO LA Ó DÀ Á SÍ?

Onímotorhome kì í tú táǹkì rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ibi tí wọ́n yàn fún un ló máa lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ́kọ́ tú ti ìgbẹ́, kí wọ́n tó tú omi ọṣẹ, kí omi ọṣẹ náà lè ṣan họ́ọ̀sì fún wọn. Ọgbọ́n tó dára nìyẹn: omi tí a fi ṣan àwo kẹ́yìn, ẹ fi ṣan àgbá.

Tiwa náà, kí alásè béèrè lọ́wọ́ onínàáwó kí ọjọ́ tó pé: "Ṣé sọ́kàwéè wà nílé yìí? Ṣé a lè da omi àwo síbẹ̀?" Bó bá gbà, àgbá máa ṣófo padà sílé, owó ọkọ̀ á sì dín. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ìyókù oúnjẹ kí ó má bàa dí páìpù, òróró tó ti dì kí ó lọ sínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Bí kò bá sí sọ́kàwéè, ẹ gbé e padà sílé, kí ẹ dà á sí tiyín. Kò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí odò. Adágún omi Aiba tí wọ́n ṣe fún omi ìlú Ìwó, inú odò ni omi rẹ̀ ti wá. Ohun tí a bá dà sójú àgbàrá lókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ.

Ọ̀nà tó pọ́ọ́kú jù ni kí omi ìdọ̀tí kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ha àwo kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ lo ọpọ́n mẹ́ta: ti ọṣẹ, ti ìṣanwọ́ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré sí kẹ́ẹ̀gì ìfọwọ́ dípò kí wọ́n máa fi ife bù ú. Bí èyí bá dín 50 lítà kù, kẹ́ẹ̀gì méjì tí ẹ kò gbé wá nìyẹn, àti méjì tí ẹ kò gbé lọ.

ÌGBẸ́ LỌ́TỌ̀, OMI ÀWO LỌ́TỌ̀

Owó wà nínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún. Olóògbé Isaac Durojaiye, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ọ̀túnba Gaddafi, ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún Olóyè M.K.O. Abíọ́lá kó tó dá ilé iṣẹ́ DMT sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, tó ń háyà ilé ìyàgbẹ́ alágbèéká. Láti Èkó ni òkìkí iṣẹ́ náà ti kàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí àṣẹ 009 láti fòpin sí ìyàgbẹ́ ní gbangba. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ háyà irú rẹ̀ ní Ìwó, kó má ro owó àpótí náà nìkan. Kó kọ́kọ́ bá ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá ṣàdéhùn, kó mọ ibi tí wọ́n ń dà á sí, kó sì béèrè ohun tí òfin sọ lọ́wọ́ àwọn wolé-wolé. Kó má po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọṣáláńgá tó ní ásíìdì, nítorí pé èéfín rẹ̀ léwu púpọ̀. Ọwọ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ bu oúnjẹ.

Ẹ KỌ Ọ́ SÍNÚ ÌWÉ

Bí ẹ bá ń kọ iye tí onínàáwó yóò san, ẹ fi ìlà méjì kún un: "omi wíwọlé" àti "omi jíjáde". Ẹ kọ owó omi, owó ọkọ̀, owó ẹni tó rù ú àti owó dídà á nù sábẹ́ wọn. Ẹni tó rí i lójú ìwé kì í sábà jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá lọ bá lọ́sàn-án ọjọ́ òde pé omi ti tán yóò ní ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Alásè tó bá ṣírò omi rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ yóò lọ sóde pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, yóò sì mú èrè rẹ̀ bọ̀ wálé.