Dókítà ń gba itan àgbò, ta ló ń kí nọ́ọ̀sì àgbà tó ṣọ́ aláìsàn mọ́jú?

Bí aláìsàn bá kúrò ní ICU láàyè, ẹ wo bí àwọn ẹbí ẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún dókítà, wọ́n á ní Ọlọ́run ló lò ó fáwọn. Pásítọ̀ á gba tiẹ̀ nínú ìdúpẹ́, àwọn àlùfáà náà á gba sàráà. Bí ọdún Iléyá bá dé, itan àgbò á wọlé dókítà. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì yẹn láti alẹ́ títí dàárọ̀, tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ rí i pé èémí bàbá ti ń yí padà, wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. "Matron" lásán ni wọ́n ń pè é.

Fún ẹni tí Ọlọ́run ò jẹ́ kó débẹ̀ rí, ICU ni wọ́n ń gbé ẹni tó wà láàrin ikú àti ìyè sí: ẹni tí mọ́tò gbá tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ńlá fún, obìnrin tí gìrì mú nínú oyún. Ẹ̀rọ ló ń bá ọ̀pọ̀ wọn mí. Dókítà á wá, á yẹ̀ wọ́n wò, á kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sílẹ̀, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì ò lè kọjá ní tiẹ̀. Wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà di egbò. Wọ́n ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, wọ́n ń fọ ẹnu ẹ̀, wọ́n ń wọn ìtọ̀ ẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ pé "Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́ o, ọmọ yín wà níta", bí ò tilẹ̀ lè dáhùn.

Ẹni tó wá jẹ́ olórí wọn ńkọ́? Orí ẹ̀ ni gbogbo ẹrù ibẹ̀ wà. Òun ló máa pinnu nọ́ọ̀sì tó máa dúró ti aláìsàn tí tiẹ̀ le jù, kò sì ní fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òun ló ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ inú sílíńdà á dé àárọ̀. Òun náà ló máa sọ fún dókítà kékeré pé òògùn tó kọ yẹn ti pọ̀ jù, kó tún un wò. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, àbúrò ọkọ àti wòlíì tó gbé òróró dání pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa wọlé. Èébú tó ń jẹ níbẹ̀ ò kéré o.

Àfi tí iná bá wá lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá pẹ́ kó tó dáhùn, tí bátìrì inú ẹ̀rọ náà ò sì lágbára mọ́, àpò rọ́bà kan wà tí nọ́ọ̀sì á fà yọ, á so ó mọ́ ọ̀nà èémí aláìsàn, á máa fọwọ́ fún un, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí méjìlá ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá yára jù, wàhálà ni. Bó bá sinmi, ó parí nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n àìríná-lò wa nìkan ni o, ibẹ̀ gan-an ni ICU ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ẹ̀rọ tó ń báni mí ò kárí. Dókítà kan, Bjørn Ibsen, ló ní kí wọ́n máa fọwọ́ fún àpò rọ́bà fáwọn aláìsàn, tọ̀sán-tòru. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó tó 1,500 ló gbà á ṣe lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nídìí bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú wọn, àmọ́ orúkọ Ibsen ló wọ ìwé.

Tiwa ńkọ́? Ní July 2014, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní kúrò ní ọsibítù, obìnrin náà sì bá a lọ. Gbogbo Nàìjíríà ló ń kan sáárá sí i, ó sì tọ́ sí i. Èèyàn 20 ni àrùn yẹn mú, mẹ́jọ ló pa, kó tó di pé àjọ WHO kéde ní October 20 ọdún náà pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ dárúkọ ẹyọ kan ká gbọ́.

Kì í kúkú ṣe pé nọ́ọ̀sì ò lè di èèyàn ńlá. Kofoworola Abẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní London ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Aláìsàn kan tilẹ̀ wà tó ní nọ́ọ̀sì dúdú ò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Ó fara dà á, ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Lọ́dún 1973, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale.

Màmá Pratt lọ, ó sì padà. Àwọn tòde òní ń lọ, ọ̀pọ̀ ò padà mọ́. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ICU ni òyìnbó ń wá, kì í ṣe ọmọ àná. Lọ́dún 2024, Nursing and Midwifery Council gbé òfin jáde pé ẹni tó bá fẹ́ káwọn jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gbàwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì yarí, wọ́n ṣe ìwọ́de. Ṣebí ọdún méjì ọ̀hún náà ò lè sọ èèyàn di ọ̀gá ní ICU? Bí àgbà bá ti kó ẹrù ẹ̀ lọ, ta ló máa kọ́ ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń fún àpò rọ́bà lóru tí iná lọ?

July 30, 2025 ni ẹgbẹ́ wọn, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá a dúró, lẹ́yìn tí wọ́n bá ìjọba ṣèpàdé. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n sì fi kún owó ṣíìfù, tí owó àìsùn òru wà nínú ẹ̀.