Ìwé Tí Oníbodè Ń Béèrè Létí Òkun

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní ìlú Òyìnbó. Bí ọmọ bá bímọ níbẹ̀, a máa ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kí ó wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Ìyá yóò gba físà, yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, yóò sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní àlàáfíà. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ọmọ lè sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ojú omi kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Kò jìnnà rárá."

Òótọ́ ni, kò jìnnà. Láti èbúté Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé èbúté Calais ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ń lò tó wákàtí kan àbọ̀. Ọkọ̀ náà tóbi púpọ̀. Mọ́tò ń wọ inú rẹ̀, bọ́ọ̀sì ń wọ inú rẹ̀, tírélà pàápàá ń wọ inú rẹ̀. Fẹ́rì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. Ọkọ̀ ti Ìkòròdú kò kúrò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Bí a bá ti san owó ọkọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti Dover ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Níbẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan kò tó. Oníbodè wà níbẹ̀, ìwé ni yóò sì béèrè.

Ìbéèrè mẹ́ta ni oníbodè ní lọ́kàn:

1. Ta ni yín?
2. Ta ló gbà yín láàyè láti wọ ibi tí ẹ ń lọ?
3. Ta ló gbà yín láàyè láti padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀?

Ìwé tó dáhùn ìbéèrè kan lè má dáhùn èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: TA NI YÍN?

Pásípọ́ọ̀tù ló ń dáhùn èyí. Káàdì ìdìbò kò lè dáhùn rẹ̀ ní Dover. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ náà kò lè dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má ṣe gbé pásípọ́ọ̀tù yín fún ẹlòmíràn kí ó bá yín kà á. Ẹ ṣí i fúnra yín. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tí yóò parí. Ti Nàìjíríà, òmíràn jẹ́ ti ọdún 5, òmíràn jẹ́ ti ọdún 10. Òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé pásípọ́ọ̀tù àlejò kò gbọdọ̀ ti ju ọdún 10 lọ. Ó tún gbọdọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó parí, bí a bá kà á láti ọjọ́ tí àlejò yóò kúrò ní ilẹ̀ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba físà, ojú ewé méjì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ. Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀. Bàbá sọ tirẹ̀, ìyá sọ tirẹ̀, ìyá àgbà náà sọ tirẹ̀. Obìnrin tún lè máa jẹ́ orúkọ ọkọ. Ìyá kan lè jẹ́ Ràfíátù nínú pásípọ́ọ̀tù, kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní Àdùkẹ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ Àdùkẹ́, oníbodè kò mọ Àdùkẹ́. Orúkọ inú tíkẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu.

Ọmọdé ńkọ́? Olúkúlùkù ọmọ ló gbọdọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ má sì rò pé gbogbo ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1983, bíbí síbẹ̀ nìkan kò tó. Ọmọ ń di ọmọ ilẹ̀ wọn nígbà ìbí rẹ̀ bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí bí ó bá ti ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé. Bí orúkọ ìdílé ọmọ bá sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń mú un lọ, ó dára kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà dání.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: TA LÓ GBÀ YÍN LÁÀYÈ LÁTI WỌLÉ?

Bí a bá ń lọ sí Kùtọnu láti Nàìjíríà, a kò nílò físà ní Sẹ̀mẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, wọ́n sì ti bá ara wọn ṣe àdéhùn láti ọdún 1979. Àwọn orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù náà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Schengen ni orúkọ rẹ̀. Faransé wà nínú rẹ̀, Jámánì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, físà tó gbé ìyá dé Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbé e dé Calais. Físà Schengen ni yóò gbà. Bákan náà ni ọmọ rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ṣì ń lò. Kódà bí ó ti lo ọdún 10 ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà Faransé. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò nílò físà, bí kò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́.

Ẹ má sì sọ pé, "Ó di ìgbà tí a bá dé Calais." Àwọn ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Le Touquet ní ọdún 2003. Nítorí àdéhùn yìí, ọlọ́pàá Faransé wà ní Dover, ibẹ̀ ló sì ti ń wo ìwé. Ẹni tí kò ní físà kò ní wọ ọkọ̀ rárá.

Níbo la ti ń gba físà náà? Níbi tí ènìyàn ń gbé gan-an ni. Ìyá tó lọ kí ọmọ kì í ṣe olùgbé Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó gba ti Faransé ní Nàìjíríà kí ó tó gbéra. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó físà àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún ènìyàn ní físà. A lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò. Kò sì yẹ kó ku ọjọ́ 15 kí a tó béèrè.

Nígbà tí ẹ bá ń béèrè, wọ́n á ní kí ẹ tẹ̀ka. Kí ojú má tì yín. Ìtẹ̀ka yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ̀wé kọ; ọ̀jọ̀gbọ́n náà á tẹ̀ka. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kọ orúkọ àti àwòrán ojú àlejò sílẹ̀, dípò òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá lò ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á mọ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: TA LÓ GBÀ YÍN LÁÀYÈ LÁTI PADÀ?

Èyí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù. Ní Calais, oníbodè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wo ìwé yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí físà Gẹ̀ẹ́sì yín bá parí nígbà tí ẹ wà ní Faransé, ẹ kò ní rí ọ̀nà padà. Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti lò ó tán. Ẹrù ìyá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ yóò ti gbéra. Òun fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì òkun.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń lo káàdì ìgbélùú tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nísinsìnyí, inú àkọsílẹ̀ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àṣẹ wọn wà. eVisa ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ náà kí ó tó rìnrìn-àjò. Ẹni tó sì ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà, kí ó mú ti Gẹ̀ẹ́sì dání.

ILẸ̀ IRELAND

Ọkọ̀ ojú omi tún ń lọ láti Holyhead sí Dublin. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ ilẹ̀ Ireland lè kọjá láìní físà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọdọ̀ gba físà ilẹ̀ Ireland, bí ó tilẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọkọ̀ mìíràn ń lọ sí Belfast. Belfast ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ọ̀ràn físà mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Belfast, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Dublin, kò sì sí ẹnubodè lójú ọ̀nà. Ẹ ṣọ́ra! Àìsí ẹnubodè kì í ṣe àṣẹ. Ọlọ́pàá lè dá bọ́ọ̀sì dúró kí ó béèrè ìwé, ẹni tí kò bá ní físà sì ti rú òfin.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Ọjọ́ wo ni pásípọ́ọ̀tù yín yóò parí?
2. Kí ló dé tí físà Gẹ̀ẹ́sì kò fi lè gbé ènìyàn dé Calais?
3. Níbo ni ọlọ́pàá Faransé ti ń wo ìwé ẹni tó ń ti Dover lọ?
4. Kí ló lè mú kí ènìyàn há sí Calais?

Bí ẹnì kan nílé yín bá ń múra àtilọ kí ọmọ, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí i létí kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.