Àwọ̀ mẹ́fà fún ọkọ̀ ojú irin Èkó: ṣé gbogbo ojú ló lè dá wọn mọ̀?

Ará Ẹ̀gbẹ́dá tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line yóò kọ́kọ́ wá dánfó tó ń lọ sí Agége tàbí Ìkẹjà. Blue Line, láti Marina dé Mile 2, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Red Line tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ìlà mẹ́fà ni ìjọba Èkó là sílẹ̀ lórí ìwé, àwọ̀ ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, ìyeyè, elésè àlùkò àti àwọ̀ ọsàn.

Orúkọ àwọ̀ dùn-ún pè lẹ́nu, mi ò bá wọn jà síyẹn. Orí máàpù ni wàhálà wà, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kò lè dá àwọ̀ kan mọ̀ sí èkejì.

Irú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń bá ojú mọ àwọ̀. Lójú àwọn kan, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí kò sí rárá, ni pupa àti àwọ̀ ewé bá jọra. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, torí ara krómósómù X ni àléébù náà wà, ọ̀kan ṣoṣo lọkùnrin sì ní. Láàrin ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí 8 nínú 100 ni. Tàwa aláwọ̀ dúdú kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà.

Ní 1965, Kenneth Kelly, ará Amẹ́ríkà, to àwọ̀ 22 tó yàtọ̀ síra gan-an tẹ̀ léra, kí ẹni tó bá nílò mẹ́fà mú mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ṣètò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ kí àwọn tí mo ń sọ yìí náà lè dá wọn mọ̀. Pupa wà ní ipò keje. Àwọ̀ ewé di ipò kẹwàá. Búlúù tó lò nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, èyí tó mọ́ rekete ni, elésè àlùkò tó ṣókùnkùn sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Àwọ̀ méjì tí ọ̀kan mọ́lẹ̀, tí èkejì ṣókùnkùn, kì í tètè dàrú mọ́ra. Búlúù dúdú àti elésè àlùkò lórí fóònù, nínú oòrùn ọ̀sán ní oríta Ìkòtún, ẹ wò ó bóyá ẹ máa lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya máàpù tàbí àtẹ, ẹ ṣe fótòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun ná. Bí ìlà méjì bá jọra níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀.